Ajá tó ń Jẹ Àga Àǹtí Tíṣà

Ariwo tí Àǹtí Tíṣà pa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn tó ń pọnmi nídìí kànga gbọ́ ọ. Èmi ń fọ aṣọ lọ́wọ́. Mo sáré wọ pálọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ìfóófòó ọṣẹ, mo rò pé ejò ló wọlé. Kì í ṣe ejò. Ó dúró láàrin pálọ̀, báàgì ilé-ìwé ṣì wà léjìká rẹ̀, ó na ìka sí ẹsẹ̀ àga kan. Ẹsẹ̀ àga náà ti rí ṣákaṣàka bí ìrèké tí ọmọdé jẹ kù. Ẹ̀rún igi kún orí kápẹ́ẹ̀tì. Ajá kékeré kan wà lábẹ́ tábìlì, ó ń ju ìrù bí ẹni tó ṣiṣẹ́ rere tó ń retí ìyìn.

"Ìyá Fisáyọ̀, ẹ wò ó! Ẹ wo nǹkan tí wọ́n fojú mi rí!"

"Wọ́n" ló pè é. Kò sọ pé ajá. Mo sì mọ àwọn tó ń bá wí.

Rúùtù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò wa ní Ọ̀yọ́ ń pè é ní Àǹtí Tíṣà. Àwọn ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ ìwé ló ń kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí wa, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé àwọn tó kọ́ ní "a, b, d" ti ń fa ọmọ tiwọn lọ́wọ́ wá bá a. Opó ni. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Yàrá mi àti tirẹ̀ kọjú síra, nítorí náà bí ó bá húkọ́, mo gbọ́.

Ogún bàbá rẹ̀ ni àga náà. Nígbà tí bàbá wọn kú, ẹbí jókòó pín dúkìá. Samuel, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gba ilé, ó gba ilẹ̀ méjèèjì tó wà lọ́nà oko. Wọ́n wá yíjú sí Rúùtù, wọ́n ní, "Ìwọ ti wà nílé ọkọ, kí lo fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe? Mú àga." Ó mú àga. Mẹ́rin ni wọ́n, igi ìrókò ni, apá wọn tẹ̀ kọrọdọ, bàbá rẹ̀ ló máa ń jókòó sínú èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé tí yóò máa gbọ́ rédíò. Rúùtù ń fi òróró nù wọ́n ní Sátidé gbogbo. Àlejò tó bá gbé ife tútù lé apá wọn, ó ti rí ìjà.

Wàyí o, Samuel tó gba ilẹ̀ yìí náà ló bí Timothy, ọmọ tó ń kàwé ní yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó gba yàrá sí Under G, àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí níbẹ̀. Timothy yìí ló gbé ajá dé ní ọjọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Ajá òyìnbó ni, onírun wúruwùru, etí rẹ̀ méjèèjì já sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo fetí ara mi gbọ́ nǹkan tí ó sọ.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Onílé mi ló ní òun ò fẹ́ rí ajá lọ́gbà òun mọ́. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, màá ti rí yàrá míì."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àǹtí Tíṣà kò fẹ́ràn ajá, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílẹ̀ báyìí tí yóò ní òun ò ṣe? Ó gbà.

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù. Ó ń pe Timothy, Timothy kì í gbé e. Bí ó bá gbé e, á ní òun wà ní kíláàsì. Àǹtí Tíṣà á ní, "Kíláàsì wo ni wọ́n ń ṣe lálẹ́ Sátidé?" Fóònù á ti kú. Bruno ni Timothy sọ ajá náà, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi orúkọ ajá sọ̀kò ọ̀rọ̀. Àǹtí Tíṣà jáde sí ìta gbangba lọ́jọ́ kan, ó ní orúkọ ajá yìí láti òní lọ ni Ojú-ò-tì-wọ́n. Bí ó bá fẹ́ fún un lónjẹ, á ké e pátá kí gbogbo ilé gbọ́: "Ojú-ò-tì-wọ́n! Wá jẹun!"

Ó sì ń jẹun lóòótọ́. Ó jẹ ẹ̀gbà, ó jẹ ìrẹsì, lẹ́yìn èyí ó jẹ bàtà tí ìyá olóyè kan nílé wa fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ rìmóòtù, ó jẹ etí kápẹ́ẹ̀tì, ó jẹ ìdí ìgbálẹ̀. Èyí tí a ń sunkún lé lórí ni ti àga. Ẹsẹ̀ kan, ó di ẹsẹ̀ méjì, ó kan apá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dà báyìí, kò sẹ́ni tí kò mọ oògùn rẹ̀. Ìyá Asiyah tó ń ta ìkòkò ní ẹ̀gbẹ́ mi ní ọjà Akẹ̀sán ní ata rodo ni: kí a gún un, kí a fi pa igi àga, ajá tó bá fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan kò ní dán an wò mọ́. Àǹtí Tíṣà gún ata, ó fi pa àga láti orí dé ẹsẹ̀. Ajá gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó lọ jẹ ẹsẹ̀ tábìlì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Bàbá Àánúolúwapọ̀, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ rẹ̀, yà láti gbàdúrà fún un. Bàbá jókòó, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé apá àga, wọ́n dijú, wọ́n ń gbàdúrà. Òógùn mú wọn, wọ́n fọwọ́ nu ojú. Àdúrà yẹn kò dé àmín. Omi tí a fi fọ ojú bàbá tó garawa kan. Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Tíṣà bá Ìyá Asiyah lọ́jà, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi kúrò nínú ìjọ ni?" Ìyá Asiyah ní òun sọ pé ẹsẹ̀ àga, òun ò sọ pé apá.

Kabir tó ń jó irin ní iwájú ilé wa ní nínà ló kù. "Ẹ nà án dáadáa, Àǹtí. Ajá tí wọn ò bá nà kò lè gbọ́n." Ọjọ́ tí ó tún jẹ àga kẹta, inú bí Àǹtí Tíṣà, ó mú pàṣán, ó nà án. Ajá náà dùbúlẹ̀, ó tọ̀ sára, ó ń wò ó. Nígbà tí a fi máa padà wálé lọ́jọ́ kejì, ó ti jẹ ẹ̀gbẹ́ àga kẹrin. Bí ó sì ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti ń tọ̀ kí a tó wọlé.

Àǹtí Tíṣà ju pàṣán sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó jókòó, ojú rẹ̀ le. "Kò mọ̀ pé tìtorí àga ni," ló wí. "Ohun tó mọ̀ ò ju pé mo wọlé, mo nà án lọ. Bí mo bá ṣe ọmọ kíláàsì mi báyìí, ìyá rẹ̀ á wá gbé mi lọ sí ilé-ẹjọ́."

Kò tíì tán. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní òun gbọ́ pé ẹnì kan ní ajá tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, pé ó sanra, pé yóò dára nínú ọbẹ̀ ata. Ìgbálẹ̀ tó kù tí ajá kò tíì jẹ tán ni Àǹtí Tíṣà fi lé e dé títì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Samuel fúnra rẹ̀ yà kí àbúrò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì ni, ẹni tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, tó máa ń ṣe bí ẹni pé kò sí ọ̀rọ̀ tó le láyé. Àǹtí Tíṣà mú un yí àwọn àga ká, ó fi ibi tí eyín ti kọlà hàn án, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Samuel bú sẹ́rìn-ín.

"Rúùtù, tìtorí àga ògbólógbòó yìí? Èmi á ra àga oníke mẹ́rin fún ọ, jẹ́ kí ara tù ọ́. Ọmọdé ni Timothy, ó kàn fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn ni. Ìwọ náà sì nílò nǹkan tí yóò máa ṣọ́ ilé."

Mo wo ojú Àǹtí Tíṣà. Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun," ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti yí kọ́nà ló kọjú sí mi.

"Àga oníke! Ẹ gbọ́ ọ, àbí ẹ ò gbọ́? Ìyá Fisáyọ̀, ẹ bá mi sin ajá yìí lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la. Kí olówó ẹ̀ gba ajá ẹ̀."

A gbé Ojú-ò-tì-wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀, a fi aṣọ bò ó. Ní gáréèjì, awakọ̀ rí ìrù tó yọ, ó ní òun kì í gbé ajá.

"Ewúrẹ́ tí o so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ńkọ́?" ni Àǹtí Tíṣà bi í.

"Ewúrẹ́ yàtọ̀, Ìyá."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀? Ṣé òun kì í yàgbẹ́ ni?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, awakọ̀ jẹ́ kí a wọlé. Obìnrin kan, Alhaja Marufat, tó jókòó tì wá, fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé òun ti ṣe àlùwàlá, òun ò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun. Àǹtí Tíṣà ní, "Ẹ ò jẹ̀bi rárá, ẹni tó jẹ̀bi wà ní Under G." Ó gbé apẹ̀rẹ̀ sápá fèrèsé, èmi jókòó sáàrin wọn. Nígbà tí a máa fi sọ̀ ní Takie láàrin ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, ajá ti jẹ ọwọ́ apẹ̀rẹ̀ kan tán. A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wa dé Under G.

Timothy ṣílẹ̀kùn, ó wọ ṣòkòtò pénpé, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ó rí àǹtí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là. Kí ó tó lè dọ̀bálẹ̀, nǹkan funfun kan ti yọ láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbó wa pẹ̀lú ohùn tí kò ju ti òròmọdìẹ lọ.

Ajá ni. Ajá tuntun. Wọ́n so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn lọ́rùn.

 Àǹtí Tíṣà ń wo ajá, ó ń wo Timothy. Ọmọbìnrin kan jáde láti yàrá kejì láti wo ẹni tó dé, Precious lorúkọ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ bíi ti Timothy. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó wá tajú kán rí apẹ̀rẹ̀.

"Háà! Bruno! Ó ti dàgbà o! Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀, mà."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Àǹtí Tíṣà wí. "Onílé yín ńkọ́? Ṣé ó ti wá gbà kí ẹ máa sin ajá ni?"

Precious kò mọ nǹkan tí wọ́n ń bi òun. "Onílé wa? Òun náà ní ajá méjì lẹ́yìnkùlé, mà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí."

Àǹtí Tíṣà tún bi í pé:

"Kí ló dé tó fi gbé ti àkọ́kọ́ wá fún mi?"

Ọmọbìnrin náà wo Timothy, ó rí i pé nǹkan ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀. "Mà, ó máa ń tì í mọ́lé láti àárọ̀ títí tó fi máa padà dé ni. Ajá náà á máa ké ṣáá. Èmi ni mo máa ń ti búrẹ́dì bọ abẹ́ ilẹ̀kùn fún un. Ó wá ń jẹ bẹ́ẹ̀dì."

A wo inú yàrá. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà rí bí ẹsẹ̀ àga tó wà nílé. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ti di fífọ́ níbi tí nǹkan ti fi èékánná wa á.

"Timothy," ni Àǹtí Tíṣà wí, "sọ tẹnu rẹ."

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ó ti ń tóbi jù ni. Ó ń ba nǹkan jẹ́. Kò sì... kò wuyì nínú fọ́tò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀."

Ó ti pẹ́ tí èmi àti obìnrin yìí ti jọ ń gbé, mi ò gbọ́ irú ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà rí.

"Kò wuyì mọ́! Ìwọ tí ọmọ èèyàn bí, tí wọ́n wẹ̀, tí wọ́n pọ̀n, tí o jẹ gbogbo ọyàn ìyá rẹ tán, ta ló sọ fún ìyá rẹ pé kí ó gbé ọ jù sílẹ̀ nígbà tí o ń hu eyín? O ti ẹ̀dá Ọlọ́run mọ́ yàrá láti òwúrọ̀ dalẹ́, ó sunkún títí ó fi ń jẹ igi. O wá gbé e wá fún mi, o puró mọ́ onílé rẹ. Èmi nà án! Nítorí tìrẹ, mo mú pàṣán na ohun tí kò mọ nǹkan kan! Kí itọ́ sì tó gbẹ lára àga mi, o ti lọ gbé òmíràn!"

Ilẹ̀kùn ń ṣí lọ́tùn-ún lósì. Timothy ti wà lórí eékún. Àǹtí Tíṣà yọ fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tẹ sípíkà rẹ̀ kí gbogbo wa gbọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, yàrá ọmọ yín ni mo wà. Kò sí onílé tó lé ajá. Ọmọ yín ló sú, ó sì ti ra òmíràn."

"Rúùtù, tìtorí ajá náà lo ṣe..."

"Kì í ṣe tìtorí ajá, Bọ̀ọ̀dá! Nígbà tí ẹ pín ogún, mo dákẹ́. Ẹ ní kí n mú àga, mo mú àga, mo tún ní ẹ ṣeun. Ẹ ò jẹ́ kí n jókòó sórí àga náà. Ọmọ yín rán eyín sí i láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin wá síbẹ̀, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Àga oníke lẹ ní ẹ máa rà fún ọmọ bàbá yín."

Ẹ kíyè sí i pé ó ń pè é ní "ẹ" láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí inú ṣe ń bí i tó, kò bọ́ sí "ìwọ".  Samuel ní òun yóò pè é padà, kò sì pè é.

Ajá la wá dá padà. Mo gbé e sílẹ̀ kí ó wọlé, ó dé ẹnu àtẹ̀wọlé, ó dúró. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó yípadà, ó lọ dúró sẹ́yìn ìró Àǹtí Tíṣà. Timothy pè é, kò lọ.

Àǹtí Tíṣà wò ó. "Ẹ gbé e, Ìyá Fisáyọ̀. A ń lọ."

Kékeré funfun yẹn ńkọ́? Àǹtí Tíṣà ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ kí òun tó mọ ibi tí yóò sùn. Precious ní ìyá òun wà ní ìlú, wọ́n ní àgbàlá, wọ́n sì ti ń wá ajá. Àǹtí Tíṣà bi í léèrè bí ẹni ń ṣe ìdánwò: ta ló wà nílé lọ́sàn-án, ṣé wọn kì í lu ẹran, ṣé ìyá rẹ̀ gbà tàbí òun ló ń gbà fún un. Ó ní kí ó pe ìyá náà, àwọn àgbà méjèèjì sọ̀rọ̀ kó tó já ríbọ́ọ̀nù pupa yẹn kúrò lọ́rùn ajá, tó sì gbé e lé Precious lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé Ojú-ò-tì-wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́ àìsàn dìgbòlugi. Dókítà ẹranko la ẹnu ajá. "Ẹ wò ó, Mà. Eyín ọmọ ló ń jábọ́, ti àgbà ń yọ. Èrìgì rẹ̀ ń ro ó ni. Nǹkan líle ló ń wá kiri." Inú bí Àǹtí Tíṣà lọ́tun. Ó sọ fún mi lójú ọ̀nà pé, "Gbogbo àdúgbò ní ká fata pa igi, gbogbo àdúgbò ní ká nà án. Kò sẹ́ni tó la ẹnu rẹ̀ wò. Èmi náà ò là á wò. Bẹ́ẹ̀ mo ń rí i lójoojúmọ́ ní kíláàsì! Bí mo bá gba pẹ́ńsùlù lẹ́nu ọmọ tí n kò fi nǹkan míì sí i lọ́wọ́, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ló kàn."

Láti ìgbà náà ló ti ń ṣe é bíi kíláàsì. Kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, á fi okùn fà á rìn yí àdúgbò ká títí ahọ́n rẹ̀ á fi yọ síta. Bí ó bá dé lọ́sàn-án, wọn á tún lọ. Bí kò bá sí nílé, á ti ilẹ̀kùn pálọ̀, ajá á wà ní ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ ibòòji, níbi tí mo ti lè máa yọjú sí i ní ọjọ́ tí n kò lọ sọ́jà. Ó gba eegun tútù ńlá lọ́wọ́ alápatà. Ó ta kókó sí okùn nínípọn, ó rẹ ẹ́ sómi, ó fi í sínú fíríìsà kí ó tutù fún èrìgì tó ń ro ó. Ó fún ewúro, ó fi omi rẹ̀ pa ẹsẹ̀ àga; èyí kò ta ojú ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá jọ wà ní pálọ̀ tí ajá sì kọrí sí àga, á ní "Ẹ̀ẹ́!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á na okùn sí i. Bí ó bá ti gbà á, á máa yìn ín: "O káre, o káre." Mo ti rí i tí ó ń fi ohùn yẹn yin ọmọ tó kọ "2" tí kò dorí kodò.

Kò parí lọ́jọ́ kan. Ó jẹ àpótí ìdáná mi, mo bínú, Àǹtí Tíṣà bẹ̀ mí. Ó tún gé apá àga kan ní ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kí wọ́n jáde rìn. Ṣùgbọ́n ó ń dín kù, ó ń dín kù, títí ọjọ́ kan tí a jókòó tí mo rí i pé ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ igbe láti yàrá yẹn. Ajá ti hu eyín tán. Kì í tọ̀ sára mọ́ bí kọ́kọ́rọ́ bá dún.

Samuel wá nígbà tó yá, òun àti Timothy pẹ̀lú káfíńtà kan, Ismaheel. Kò sọ pé ẹ jọ̀ọ́, kò sọ pé má bínú. Ó kàn ní, "Rúùtù, a wá tún àga ṣe." Káfíńtà pààrọ̀ ẹsẹ̀ tó ti bàjẹ́, Timothy ló ń fi sáńpépà ha á kí ó lè dán, ọwọ́ rẹ̀ bó. Àǹtí Tíṣà gbé oúnjẹ fún wọn, ó jẹ́ kí wọ́n jẹ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, àga ti dára. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kù. Méjì ni bàbá wa fi sílẹ̀, méjì náà sì ni ọmọ tí wọ́n bí."

 Samuel ní àwọn yóò pe àgbà ẹbí. Wọ́n ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọn ò tíì parí rẹ̀. Àǹtí Tíṣà ní bí ó bá di ọgọ́rùn-ún ìgbà, òun yóò jókòó níbẹ̀.

Ní ti Timothy, ó ń pe àǹtí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi láti béèrè ajá. Àǹtí Tíṣà á ní ajá wà, ó ti jẹun, ó ń sùn. Á tún bi í bóyá ó ti ra ajá míì. Bí ọmọ náà bá ti ní "Rárá o, Àǹtí," á ní ó dára, á sì gbé fóònù kalẹ̀. Inú ṣì ń bí i, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.